Àlejò Etí Odò Bùdó-Apẹja

Ilé Àbdùlgàfárù,
Bùdó-Apẹja, Ọ̀nà Malete,
Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹrin, 2026.

Bùkọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé o wà dáadáa? Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti rọlẹ̀ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí àbíkẹ́yìn tó búra pé òun ò ní jẹ ẹja mọ́ láyé nítorí pé egungun há a lọ́fun? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá àwọn adìẹ aládùúgbò jà? Ẹ kú ọdún Àjíǹde tó kọjá o, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àwa náà ti ṣe Ìtúnu tiwa, a ò rí ibi, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ọkọ mi ní kí n kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé àgbọn tí o fi ránṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ òun, pé èmi nìkan ni mo dá jẹ gbogbo rẹ̀. Má dá a lóhùn. Mo fún un ní ẹyọ kan.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú. O pè, mi ò gbé fóònù; o fi ohùn ránṣẹ́, mi ò fèsì. Jọ̀ọ́, fi orí jì mí. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń sọ lórí fóònù, tí nẹ́tíwọ̀kì á máa já a níbi tó bá dùn jù. Ni mo bá ní kí n jókòó kí n kọ lẹ́tà sí ọ bí a ti máa ń ṣe láyé ọjọ́un, kí o lè tún un kà bí kò bá yé ọ. Wá nǹkan jẹ kó o tó bẹ̀rẹ̀, ó gùn.

O rántí ìgbà tí mo wá kí ọ ní Àgbádárìgì lọ́dún tó kọjá, tí o ní mo ti fẹ́ òkun níyàwó. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ jókòó sí etí òkun yín, ìwọ rò pé afẹ́fẹ́ ni mò ń gbà. Afẹ́fẹ́ kọ́ o. Bí àwọn èèyàn yín ṣe ń gba àlejò ni mò ń wò. Mò ń wo obìnrin tó ń háyà ẹní àti àga, ọkùnrin tó ń gbé àwọn ọmọdé gun ẹṣin kiri, àwọn tó ń bẹ́ àgbọn, àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn kọjá ọ̀sà. Mo wò ó títí, mo rí i pé orí iyanrìn lásán ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Mo wá ní, kí ló dé, ṣé àwa ò ní iyanrìn ni?

Iyanrìn tiwa tí o mọ̀ náà ni. Láyé ìgbà tí a jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí o máa ń bá mi wálé fún ọlidé, ibẹ̀ la ti máa ń sáré títí màmá mi á fi máa pariwo orúkọ wa. Kò yí padà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí odò bá fà sẹ́yìn, iyanrìn á tẹ́ lọ bẹẹrẹ títí dé ìsàlẹ̀ oko Bàbá Gàní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Malete ti ń yà síbẹ̀ tipẹ́ láti ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ibi tí wọ́n á jókòó sí, wọn ò rí ohun tí wọ́n á jẹ, bí ìgbẹ́ bá sì ń gbọ̀n wọ́n, oko ọkà Bàbá Gàní ni wọ́n ń sáré wọ̀. Bàbá Gàní ti ṣépè títí ó ti sú u.

Gbogbo èyí ì bá máa jẹ́ èrò lásán lọ́kàn mi, bí kì í bá ṣe Alhájì oníyanrìn kan tó wá láti ìgboro. Ó wá bá Alángùá wa, Bàbá Àbdùlkàdírì. O mọ̀ wọ́n, àbúrò bàbá mi, àwọn ló ń ṣe olórí abúlé báyìí. Alhájì ní òun fẹ́ máa rán tipá wá kó iyanrìn etí odò. Ó ní òun á gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún wa, òun á tún ọ̀nà wa ṣe títí dé títì Malete. Ó ní etí kan lásán lòun máa kó, pé a ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni, ó ń lóṣòó kí gbogbo àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú àwọn àgbà dùn sí i gan-an.

Èmi ni inú mi ò dùn. Bùkọ́lá, díẹ̀ náà ni wọ́n sọ fún àwọn ará abúlé kan lókè odò. Nígbà tí tipá kó iyanrìn wọn tán, tí òjò dé, omi ò rí ohun tó máa dá a dúró mọ́. Ó ń jẹ etí ilẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó jẹ oko, ó jẹ ọgbà kaṣú, ó wá kan ìtẹ́ òkú. Mo débẹ̀, mo fi ojú mi rí i. Mo rí àgbàlagbà ọkùnrin tó ń fi aṣọ funfun tuntun di egungun bàbá rẹ̀, tó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dijú, òun ni mò ń rí.

Ìwọ náà mọ ibi tí ìtẹ́ òkú tiwa wà. Ẹ̀yìn iyanrìn yẹn gan-an ni, lábẹ́ àwọn igi ẹ̀mí tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Bàbá mi wà níbẹ̀. Rodiyah mi wà níbẹ̀. Ìwọ lo gbé e mọ́ra lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, o ní imú rẹ̀ ò fi ibì kan yàtọ̀ sí tèmi. Kò tíì dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ibà fi mú un lọ. Nígbà tí Ọlọ́hun mú un, mo gbà fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n kí tipá wá mú un lẹ́ẹ̀kejì, mi ò gbà. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, mo sì ń sọ ọ́ fún ìwọ náà, mi ò gbà.

Ni mo bá wé gèlè mi le, mo lọ bá Bàbá Alángùá. Kí n má purọ́, èèyàn burúkú kọ́ ni wọ́n. Kànga abúlé ti ń gbẹ, ọ̀nà ò dára, àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí Tanke lọ ń wa kẹ̀kẹ́, ohun tó lè mú abúlé dúró ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní tí òun bá kọ ohun tí Alhájì fẹ́ ṣe, kí lèmi fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀? Mo ní àlejò. Wọ́n ní àlejò wo? Mo ní àwọn tó ń wá lásán yìí náà ni, pé tí a bá gbà wọ́n bó ṣe yẹ, wọ́n á máa pọ̀ sí i, ohun tí abúlé bá sì ń rí lọ́wọ́ wọn la ó fi gbẹ́ kànga fúnra wa. Àwọn àgbà tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní ṣé àwọn èèyàn máa ń sanwó kí wọ́n tó wo iyanrìn ni. Mo ní kó lọ béèrè ní Àgbádárìgì.

Bàbá Alángùá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní Alhájì máa padà wá gbọ́ èsì ní ọjọ́ kẹta ọdún Ìtúnu. Wọ́n ní tí àlejò bá wá sí etí odò lásìkò ọdún, tí wọ́n jẹ, tí wọ́n mu, tí wọ́n sì lọ láìsí ìjà, láìsí ẹni tó kó sómi, láìsí ẹ̀gbin, òun á ro ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n wá fi ìka tọ́ mi. Wọ́n ní tí ìtìjú kan ṣoṣo bá wọ̀ ọ́, kí n má wulẹ̀ wá bá òun mọ́. Mo ní mo gbọ́.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, inú ààwẹ̀ ni o. A fi koríko àti igi kọ́ àtíbàbà sórí iyanrìn kí àlejò lè rí òjìji. A ṣètò ibi ìrun, a to kẹ́tù àlùwàlá síbẹ̀. Hamzah, ọmọ àǹtí mi tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, kun ọkọ̀ tirẹ̀ ní búlúù, ó sì lọ wá àwọn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Mo ní kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni tí kò bá wọ̀ ọ́, ìbáà ṣe ọmọ ọba. Jummai tó ń ta wàrà, láti gáà àwọn Fúlàní tó wà lẹ́yìn wa, ní òun á máa dín wàrà lójú àlejò kí wọ́n lè jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Bàbá Gàní pàápàá, tó ti ń ṣépè, ní òun á mú ẹṣin ọdún òun wá fún àwọn ọmọdé. Ẹṣin yẹn lọ́lẹ̀ ju olówó rẹ̀ lọ, àmọ́ mi ò sọ nǹkan kan.

Èyí tó ká mi lára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ilé ìyàgbẹ́. Ìwọ náà lo kọ́ mi. O ní àlejò lè gbàgbé ẹja tó jẹ, kò ní gbàgbé ibi tó ti yàgbẹ́. Ni mo bá pe Mọ̀múdù bíríkìlà, mo ní kó kọ́ ṣáláńgá oníyàrá-yàrá fún wa, kó fi sìmẹ́ǹtì dán ilẹ̀ rẹ̀, kó jẹ́ ti obìnrin lọ́tọ̀, ti ọkùnrin lọ́tọ̀. Wàhálà wá bẹ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin ní ilẹ̀kùn ò gbọdọ̀ kọjú sódò, pé ojú àwọn atukọ̀ ò mọ ibi tó yẹ kó máa wò. Òmíràn ní kò gbọdọ̀ kọjú sọ́nà. Wọ́n pariwo títí, Mọ̀múdù tí kò fẹ́ràn ariwo bá yí gbogbo ilé náà sí ibi tí kálukú wọn fara mọ́. Ó kọ́ ọ tán, ó mọ́, ó ń dán. A ṣe àdúà sí i, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ máa sùn síbẹ̀.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ kí ààwẹ̀ parí. Mo wà létí odò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń gbá ilẹ̀, àsìkò ìrun Àlàásárì bá mi níbẹ̀. Mo ṣe àlùwàlá, mo tẹ́ ẹní mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá nítorí òjìji rẹ̀. Mo fẹ́ kábàrà láti bẹ̀rẹ̀ ìrun. Mo wo ẹsẹ̀ mi lórí ẹní, ojú mi bá ṣèèṣì gba ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ kọjá, mo wo ibi tí a ṣe fún ẹsẹ̀ nínú ṣáláńgá. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì kọjú sí. Mo kírun náà, mi ò lè sọ ohun tí mo kà.

Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ ìjọ lè máa bi ara rẹ pé kí ló wá burú níbẹ̀. Gábàsì ni ibi tí a ń kọjú sí kírun. Láti kékeré la ti ń kọ́ ọmọ wa pé èèyàn kì í kọjú síbẹ̀ yàgbẹ́, kì í sì í kẹ̀yìn sí i. Ẹ̀gbẹ́ ni a ń yí sí i. Kò sí ilé kan ní gbogbo Bùdó-Apẹja tí ṣáláńgá rẹ̀ kọjú sí gábàsì, kódà àwọn tí kì í kírun déédéé ò jẹ́ kọ́ irú rẹ̀. Àwa tí a ń fi ẹnu gbààwẹ̀, tí gbogbo wa pé jọ tí à ń jà lórí ilẹ̀kùn, kò sí ẹnì kan tó wo ibi tí oòrùn ti ń yọ.

Mo ránṣẹ́ pe Mọ̀múdù. Ó dé, ó wò ó, ó jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Nígbà tó ṣe, ó ní ta ni yóò mọ̀. Ó ní onírúurú èèyàn làwọn àlejò, pé ẹni tó bá mọ̀ lára wọn á yí ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí a ń ṣínu, ọkọ mi náà sọ ohun tó jọ ọ́. Ó ní ká jẹ́ kí Alhájì kọjá ná, pé a lè tún un ṣe lẹ́yìn ọdún, pé tí mo bá lọ tú àṣírí ara mi báyìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi da iyanrìn sí gàrí mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ohun tó sì dùn mí níbẹ̀ gan-an nìyẹn, pé ó bọ́gbọ́n mu.

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Tí mo bá sọ ọ́, ìtìjú tí Bàbá Alángùá ń wí ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, Alhájì á gbé iyanrìn lọ. Tí n kò bá sọ ọ́, bóyá ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ohun tí mo mọ̀ pé kò tọ́ ṣọ́ ibojì ọmọ mi? Mo sọ fún ọkọ mi pé mo máa sọ ọ́. Ó ní orí kunkun mi yìí ló máa pa mí. Mo ní kó lọ gbé òkú mi kalẹ̀ sórí iyanrìn nígbà náà, tó bá ṣì wà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo lọ. Mo dúró kí wọ́n kírun tán, kí àwọn àgbà jókòó síwájú mọ́sáláṣí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, a ti kọ́ ṣáláńgá àlejò sí gábàsì. Kò sẹ́ni tó rí i, èmi ni mo rí i. A máa fọ́ ọ, a máa tún un kọ́ kí ọdún tó dé."

Baba tó fi mí rẹ́rìn-ín níjọ́ kìíní ní ṣebí òun ti sọ, pé kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin lọ máa yan ẹja rẹ̀. Lèmọ́mù wa, ẹni pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, wọ́n wò mí, àánú mi ṣe wọ́n. Wọ́n ní ọ̀nà àbáyọ wà nínú ìwé, pé àwọn onímọ̀ kan sọ pé bí ògiri bá ti yí i ká, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, pé tí kò bá sí àyè mọ́, a lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn kọjú sí mi, wọ́n ń retí kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Lèmọ́mù tọkàntọkàn. Mo wá ní tí a bá fi àwáwí bẹ̀rẹ̀ láti ibi ṣáláńgá, àwáwí la ó máa fi gba àlejò títí, lórí ọkọ̀ ojú omi, lórí ẹja, lórí ohun gbogbo. Mo ní ohun tí mi ò lè ní nínú ilé mi, mi ò ní fi lọ àlejò.

Bàbá Alángùá ń fi tẹ̀sùbáà wọn ṣeré lọ́wọ́. Wọ́n bi mí bóyá mo rántí ohun tí òun sọ nípa ìtìjú. Mo ní mo rántí. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ẹ̀wù wọn, wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ lọ fọ́ ọ." Wọ́n wọlé lọ. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti já mi sílẹ̀ ni àbí mo ṣì wà nínú eré.

Ha, Bùkọ́lá, o ò rí iṣẹ́. Nínú oòrùn, nínú ààwẹ̀, tí itọ́ ti gbẹ lẹ́nu gbogbo wa. Ta lo rò pé ó kọ́kọ́ gbé òòlù dé lẹ́yìn ìrun àsùbáà? Ọkọ mi ni. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Mọ̀múdù dé, ojú ń tì í, ó ní òun ò ní gba kọ́bọ̀ lórí àtúnṣe. Kí ó má baà ṣe àṣìṣe mìíràn, ó mú ẹní ìrun ìyàwó rẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ sí gábàsì, ó fi igi dábùú rẹ̀, ó ní ọ̀nà tí igi bá kọrí sí ni ẹsẹ̀ àlejò máa kọjú sí. Àwọn obìnrin tó pariwo lórí ilẹ̀kùn ló ru omi, wọn ò pariwo mọ́. Bí a ṣe dà á tán báyìí, tí sìmẹ́ǹtì ṣì tutù, ni òjò àkọ́rọ̀ dé bí ẹni pé wọ́n rán an sí wa. A sáré kó tapólì, kó ẹní, kó páànù. Jummai tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé ibi tí tapólì ò dé, ó dúró sínú òjò láìborí. Nígbà tí òjò dá, a ṣí i wò. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún.

Ìtúnu wá dé. Ọjọ́ kìíní, kálukú wà nílé rẹ̀, o mọ̀ bí ọdún ṣe ń rí. Ọjọ́ kejì, láti òwúrọ̀ ni mo ti wọ aṣọ, mo dúró létí odò, ojú ọ̀nà ni mò ń wò. Kò sí ẹnì kankan. Nígbà tó yá ni kẹ̀kẹ́ kan yọ láti títì, òmíràn tẹ̀ lé e, kó tó di ọ̀sán, mi ò lè kà wọ́n mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Malete àti Tanke, àwọn ìdílé wá láti ìgboro pẹ̀lú kúlà oúnjẹ wọn, ìyá àgbà kan wá tó ní òun ò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn odò rí láti ìgbà tí òun ti wà léwe. Wàrà Jummai tán, ó ránṣẹ́ sílé, òmíràn dé, òun náà tán. Ẹṣin Bàbá Gàní rìn díẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sínú iyanrìn, ó kọ̀ kò dìde. Àwọn ọmọdé gbádùn ìyẹn ju kí wọ́n gùn ún lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun mọ ìwẹ̀, òun ò ní wọ ẹ̀wù Hamzah. Hamzah so ọkọ̀ mọ́gi, ó jókòó lé e, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ọmọ náà bú u títí ó rẹ̀ ẹ́, ó wọ ẹ̀wù náà, wọ́n lọ.

Ti ṣáláńgá ńkọ́? Obìnrin kan tó wọ hìjáàbù gígùn wọ ibẹ̀, ó jáde, ó béèrè ẹni tó ni ín. Ó ní òun ti gbé àwọn ọmọ òun lọ síbi ìgbádùn káàkiri, pé ibí yìí ni òun ti kọ́kọ́ rí ibi tí wọ́n ro ti Mùsùlùmí mọ́ ọn kí wọ́n tó kọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní a kí yín káàbọ̀. Mi ò sọ ìtàn rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ kẹta, Alhájì dé bó ṣe wí. Bàbá Alángùá wà lábẹ́ àtíbàbà, lórí ẹní, àárín àwọn àlejò ni wọ́n jókòó sí. Èmi náà wà nítòsí, mò ń yan ẹja, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń jóná. Alhájì lóṣòó, ó kí wọn kú ọdún, ó ní òun ti fi kún ohun tí òun fẹ́ ṣe fún abúlé. Wọ́n bi í pé tó bá kó iyanrìn yìí, ìtẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ó fi Ọlọ́hun búra pé nǹkan kan ò ní ṣe é. Bàbá Alángùá ní òun ti rán èèyàn lọ sókè odò nínú ààwẹ̀, pé ìbúra tó bú fún wọn níbẹ̀ náà nìyẹn. Alhájì ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá Alángùá wá nawọ́ sí ibi tí mo wà. Wọ́n ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ó kọ́ ṣáláńgá tí kò tọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀, ó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ fún mi. Ẹni tí kò purọ́ fún mi lórí ṣáláńgá, kò ní purọ́ fún mi lórí odò. Òun ni mo gbé iyanrìn lé lọ́wọ́. Máa lọ, Alhájì, ẹ kú ọdún."

Ó lọ. Baba tó fi mí rẹ́rìn-ín níjọ́sí ra ẹja lọ́wọ́ mi, èyí tó jóná náà ni mo tà fún un.

Ọ̀rẹ́ mi, má rò pé ó ti parí. A ò tíì gbẹ́ kànga, ọ̀nà ò tíì dára, odò sì máa tó kún bo iyanrìn títí di ẹ̀yìn òjò. Oníyanrìn mìíràn máa wá, mo mọ̀. Kí ó máa bọ̀. Bí omi bá ti fà lóṣù Kejìlá, mo fẹ́ kó o wá, ìwọ àti gbogbo ilé rẹ, kó o sì bá mi mú obìnrin tó ń háyà àga yẹn wá, kó wá kọ́ àwọn obìnrin wa. Ẹní wà, ẹja wà, wàrà wà, ibi ìyàgbẹ́ ò níṣòro. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí wọ́n fi àdín pa ẹsẹ̀ yẹn. Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, ní kí wọ́n dárí ji àwọn adìẹ. Jummai ní kí n kí ọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́, ó ní ọ̀rẹ́ tó gba èèyàn nímọ̀ràn lórí ṣáláńgá, ọ̀rẹ́ gidi ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta náà, nígbà tí àlejò ti lọ tán, mo gun òkè lọ sí abẹ́ igi ẹ̀mí. Mo gbá ewé kúrò lórí ibojì ọmọ mi, mo jókòó tì í. Bùkọ́lá, Rodiyah ṣì wà níbi tí a tẹ́ ẹ sí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ olórí kunkun, tí kò ní yí padà,

Ràúdátù